Omi Tí Ó Ń Bàjẹ́ Nínú Oòrùn

Bí òjò bá ba omi jẹ́, kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àgbàrá a wọ́ erùpẹ̀ àti ewé jíjẹrà sínú odò, omi a pọ́n, ẹni tí ó bá fẹ́ mu ún a sì dúró títí yóò fi tòrò. Ṣùgbọ́n nígbà láéláé, ìsun kan wà tí ìwà tirẹ̀ yàtọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, omi rẹ̀ a mọ́ gaara. Bí òjò bá dá, tí oòrùn sì yọ, tí ilẹ̀ gbẹ, ìgbà náà gan-an ni omi ọ̀hún yóò bàjẹ́.

Orúkọ ìsun náà ni Ìdí-Àpáta, nítorí pé inú àlàfo òkúta kan ní ìsàlẹ̀ òkè ni omi rẹ̀ ti ń sun jáde. Àwọn ẹranko ni ó ni ilẹ̀ náà nígbà yẹn, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ dáadáa. Ẹfọ̀n ni olórí wọn. Akàn ni wọ́n fi ṣe Aṣọ́mi, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ẹnu ìsun ni ilé rẹ̀ wà. Òun ni ó ń ṣa ewé kúrò lójú omi. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ níbi tí àwọn yòókù ti ń mu. Bí ohunkóhun bá sì ṣe omi náà, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ.

Akàn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì yọ sókè ju orí rẹ̀ lọ, ó sì máa ń fi wọ́n wo nǹkan pẹ́ kí ó tó dáhùn.

Ní ọdún tí a ń wí yìí, ìgbà òjò ti dé ìdajì kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Kò pọ́n, kò sì nípọn. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wò ó kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òórùn díẹ̀, ọmọ ẹranko tí ó bá sì mu ún yóò bẹ̀rẹ̀ sí yàgbẹ́ gbuuru. Àwọn ọmọ Ìgalà dùbúlẹ̀, wọn kò lè dìde. Àwọn ọmọ Ehoro kò lè sáré mọ́. Òjò mìíràn á rọ̀, omi á tún dára, ara àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí yá. Oòrùn á ràn, wọ́n á tún dùbúlẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú wọn, Ẹfọ̀n pe gbogbo ẹranko jọ sí abẹ́ igi àràbà.

Ẹtà ni ó kọ́kọ́ dìde. Kò sí ẹranko tí ó mọ́ tó o ní gbogbo ilẹ̀ náà. Irun rẹ̀ a máa dán, àmì tótòtó ara rẹ̀ a máa hàn kedere, òórùn ara rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tí ó bá ń lọ. Bí ó bá jẹ èso ìyeyè tán, yóò fi ahọ́n nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kí ó tó kí ènìyàn.

Ẹtà ní, “Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kò le rárá. Ìgbà tí oòrùn bá ràn ni omi ń bàjẹ́. Ta ni nínú wa tí ó jẹ́ pé bí oòrùn bá ràn, etí omi ni ó ń sá lọ?”

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn yí ojú rẹ̀ díẹ̀ sí apá ibi tí Túùkú jókòó sí.

Túùkú ni ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó. Ó bí ọmọ púpọ̀ lọ́dún náà, gbogbo wọn sì ń mu ọmú lọ́wọ́. Ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ ìyá lára, ó gbẹ mọ́ àwọn ọmọ lára. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹrẹ̀ nínú etí.

Túùkú ní, “Ẹrẹ̀ ni mo fi ń bo ara mi lọ́wọ́ oòrùn. N kò ní irun dídán bíi tìrẹ.”

“Mo mọ̀,” ni Ẹtà dáhùn. “Ẹni tí ó ń sùn nínú ẹrẹ̀ kò lè mọ ìgbà tí òun bá da omi rú. Ẹ fi mí wé e. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nínú ìpéjọ yìí tí ó ti rí ìgbẹ́ mi rí, kí ó dìde.”

Gbogbo wọn wo ara wọn. Òótọ́ ni. Ìgbẹ́ Ìgalà wà káàkiri bí ẹ̀wà tí ó dànù. Ti Ẹfọ̀n tóbi débi pé ọmọdé lè gùn ún. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tíì rí ti Ẹtà.

Yímíyímí, kòkòrò tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyí ìgbẹ́ kúrò lórí ilẹ̀, gbé orí sókè. Ó ní, “Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. N kò tíì fi ọwọ́ kan tirẹ̀ rí. Mo ti rò ó títí, ó ti sú mi.”

Àwọn ẹranko rẹ́rìn-ín. Ẹtà gbà pé ìyìn ni, ó sì jókòó.

Ẹfọ̀n kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn ọmọ Ìgalà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Ó ní, “Túùkú, mo fún ọ láyè di ìgbà ọyẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé tí a kò tíì rí ohun mìíràn tí ó ń ba omi wa jẹ́, ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ yóò fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀.”

Túùkú ní, “Bàbá, ibo ni kí n kó wọn lọ? Ẹ̀yìn òkè gbẹ. Bí ọyẹ́ bá dé, kò sí omi kankan níbẹ̀.”

Ẹfọ̀n wo ilẹ̀. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ dùn sí ìdájọ́ náà.

Akàn yọ síwájú. “Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n yẹ ọ̀rọ̀ Ẹtà wò.”

“Kí ni ó kù láti yẹ̀ wò?” Ẹtà bi í. “Àbí ọ̀rọ̀ mi kò ṣeé gbọ́ ni?”

Akàn ní, “Ó ṣeé gbọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣeé gbọ́ ni mo máa ń yẹ̀ wò jù.”

Wọ́n bá a lọ sí ìsun. Ibi tí Túùkú ti ń yíràá wà nísàlẹ̀, níbi tí omi ti ń tàn kálẹ̀ sínú koríko. Akàn já ewé kékeré kan, ó gbé e sí ẹnu ìsun. Ewé náà ń léfòó lọ, ó kọjá ibi ìmu, ó dé inú ẹrẹ̀ Túùkú. Akàn mú ewé mìíràn, ó gbé e sí ibi ẹrẹ̀ náà. Ìyẹn kò padà sókè. Ìsàlẹ̀ ni ó tún ń lọ.

Akàn ní, “Omi yìí kì í gòkè. Ohunkóhun tí Túùkú bá ṣe nísàlẹ̀ kò lè dé ẹnu ìsun.”

Ẹtà ní, “Bí ó bá kọ́kọ́ lọ wẹ̀ lẹ́nu ìsun kí o tó jí ńkọ́?”

“Orí ilé mi ni yóò gbà kọjá. Bí Túùkú bá tẹ ilé mi mọ́lẹ̀, mo rò pé n ó jí.”

Túùkú ní, “O ó jí, ìbáà jẹ́ pé o ti kú.”

Ẹfọ̀n mi orí. Ó ní, “Mo rí i. Ẹrẹ̀ rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n o kò tíì sọ ohun tí ó jẹ́ fún mi, Akàn, àwọn ọmọ ṣì ń ṣàìsàn. Ìpéjọ ni mo ṣe ìlérí fún. Bí n kò bá rí ohun mìíràn fi hàn wọ́n, wọn kò ní gbà kí Túùkú dúró.”

Akàn wọ ilé rẹ̀ lọ. Ó ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ nínú ọkàn rẹ̀.

Bí òjò kò bá rọ̀ rárá, omi kì í bàjẹ́. Ẹ̀yìn òjò nìkan ni ó ń bàjẹ́. Òjò ni ó ń gbé ìdọ̀tí náà wá nígbà náà. Oòrùn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí náà kì í bá òjò dé. Ó ń pẹ́ lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni àgbàrá orí ilẹ̀ kì í pẹ́ lọ́nà. Kí òjò tó dá ni ó ti ń dé ìsàlẹ̀. Ohun tí ó bá ń pẹ́ tó báyìí, ojú ọ̀nà mìíràn ni ó ń gbà. Ọ̀nà náà ní láti fún, kí ó sì ṣókùnkùn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tíì rí i.

Nígbà tí omi tún bàjẹ́, Akàn wọ inú àlàfo òkúta tí omi ń gbà jáde. Kò sí ẹlòmíràn tí ó lè wọ ibẹ̀. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ títí àlàfo náà fi fún mọ́ ọn lára. Ó tọ́ omi ibẹ̀ wò. Ó ti bàjẹ́ kí ó tó rí ìmọ́lẹ̀.

Akàn padà sẹ́yìn, ó sì mọ ẹni tí òun yóò bi léèrè.

Orí òkè ni Òkété ń gbé. Kò sí ẹni tí ó mọ inú ilẹ̀ bí i. Ó ti gbẹ́ ihò káàkiri, ó sì ń kó oúnjẹ pamọ́ sínú wọn. Ekùrọ́ ni ó ń pa jẹ lọ́wọ́ nígbà tí Akàn dé.

“Ẹ̀gbọ́n Òkété, ẹ kú ilé.”

Òkété yọjú. “Akàn? Ìwọ tí o kì í kúrò létí omi? Ta ni ó kú?”

“Kò tíì sí ẹni tí ó kú. Kí ẹnikẹ́ni má baà kú ni mo ṣe wá. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ń gbẹ́ ilẹ̀ lórí òkè yìí, ibo ni ẹ máa ń gbẹ́ dé?”

“Títí n ó fi kan òkúta. Ilẹ̀ ibí kò nípọn. Òkúta abẹ́ rẹ̀ sì ti sán káàkiri. Bí mo bá ti gbẹ́ dé ojú sísán kan, n ó fi ihò náà sílẹ̀, n ó lọ gbẹ́ òmíràn.”

“Kí ni ó dé tí ẹ fi ń fi í sílẹ̀?”

“Atẹ́gùn tútù máa ń ti ibẹ̀ jáde. Bí òjò bá sì rọ̀, n ó máa gbọ́ omi tí ó ń kán lọ sísàlẹ̀, tó, tó, tó. Ta ni yóò sùn níbi tí omi ti ń kán báyẹn?”

Akàn gbé ojú rẹ̀ méjèèjì sókè sí i. “Àwọn ihò tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn, ṣé ẹ dí wọn?”

Òkété dáwọ́ ekùrọ́ pípa dúró. Ó ní, “Kí n dí wọn? Ihò tí mo bá ti kó kúrò nínú rẹ̀ kì í ṣe ilé mi mọ́. Kí ni mo tún ń wá níbẹ̀?”

Bẹ́ẹ̀ ni Òkété ń ṣe nígbà yẹn. Bí ó bá ti kó lọ, ó ti kó lọ. Gbogbo ihò àtijọ́ rẹ̀ ni ó la ẹnu sílẹ̀ lórí òkè.

Wọ́n jọ lọ wò wọ́n. Ihò àkọ́kọ́ tí wọ́n dé gbẹ, ewé nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀lé e wà lábẹ́ igi ìyeyè, ní ibi kọ́lọ́fín kan tí koríko bò. Òkété ti imú bọ̀ ọ́, ó sì yára yọ ọ́ jáde.

“Ẹnìkan ti ń lo ihò mi.”

“Kí ni ó ń fi í ṣe?”

“Àbí ó di dandan kí n pe orúkọ rẹ̀? Ìgbẹ́ ni. Ìgbẹ́ pọ̀ níbẹ̀, kóró ìyeyè sì kún inú rẹ̀.”

“Ta ni ó ń yà á?”

Òkété gbọn ara. “Ta ni kì í jẹ ìyeyè? Èmi pẹ̀lú ń jẹ ẹ́. Wò ó, Akàn, jẹ́ kí a lọ sọ fún Bàbá Ẹfọ̀n, kí wọ́n wá ẹni náà mú.”

“Rárá,” ni Akàn wí. “Wọ́n ti fi ìméfò mú Túùkú. N kò ní fi ìméfò mú ẹlòmíràn. Ihò yìí dọ̀tí lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ wa ni omi rẹ̀ ń bọ̀. Kí ni ẹ ní nílé tí ó ń pa omi láró?”

Òkété ronú díẹ̀. Ó ní òun ní pòròpórò ọkà-bàbà, èyí tí ó pupa, tí omi rẹ̀ máa ń dà bí ẹ̀jẹ̀ bí ó bá ti rẹ. Ó ti kó o jọ fún ìtẹ́ tí òun yóò sùn sí nígbà ọyẹ́.

“Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́,” ni Akàn wí.

“Gbogbo rẹ̀? Èmi yóò wá sùn sórí kí ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí pé Túùkú kò ní rí ibi kankan sùn.”

Òkété kùn díẹ̀, ó sì lọ kó o wá. Wọ́n fọ́ pòròpórò náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì tì í bọ inú ihò abẹ́ igi ìyeyè títí ó fi kún.

Lẹ́yìn èyí, Akàn lọ bá Ẹfọ̀n. Túùkú wà níbẹ̀. Akàn ní, “Bàbá, mo ti fi ohun pupa kan sí ibì kan. N kò ní sọ ibẹ̀ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ fọwọ́ kàn án. Bí òjò bá rọ̀, tí ó dá, tí omi ìsun bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí wa ti ń wá. Bí kò bá pọ́n, èmi ni mo ṣìnà.”

Ẹfọ̀n ní, “Bí o bá ṣìnà, Túùkú ni yóò lọ.”

“Mo mọ̀, Bàbá.”

Nígbà tí wọ́n jáde, Túùkú ní, “Akàn, o fi èmi àti àwọn ọmọ mi ta tẹ́tẹ́.”

“Tẹ́tẹ́ kọ́. Bí mo bá dákẹ́, wọn yóò lé ọ. Bí mo bá sọ ìméfò lásán, wọn yóò lé ọ. Èyí nìkan ni ó lè mú kí o dúró.”

Túùkú wo ọmọ rẹ̀ tí ó ní ẹrẹ̀ nínú etí. Ó fi imú yọ ẹrẹ̀ náà kúrò. Ó ní, “Kí òjò tètè rọ̀ nígbà náà.”

Òjò àrọ̀kúrò ni ó kù ní ọdún náà. Ó sì rọ̀. Ó rọ̀ débi pé àgbàrá ya ojú ọ̀nà, koríko sì tẹ́ sílẹ̀. Àwọn ẹranko kóra jọ sí ẹnu ìsun lábẹ́ òjò, wọ́n ń wo omi. Omi mọ́ gaara.

Ẹtà dúró lábẹ́ ewé ńlá kan kí irun rẹ̀ má baà tutù. Ó ní, “Akàn, pupa ọ̀hún dà?”

“Àsìkò rẹ̀ kò tíì tó.”

“Aṣọ́mi wa ń dúró de omi,” ni Ẹtà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Òjò dá. Oòrùn yọ. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, omi sì ń mọ́ síbẹ̀. Akàn kò kúrò lẹ́nu ìsun. Ní òwúrọ̀ kan, atẹ́gùn gbígbẹ kan fẹ́ wá láti apá òkè, kùrukùru funfun sì bo ojú ọ̀run. Ètè gbogbo ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí sán. Ọyẹ́ ti dé.

Kò sí ẹni tí ó sọ ohunkóhun fún Túùkú. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀, ó tò wọ́n sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó sì kọjú sí ẹ̀yìn òkè. Ẹfọ̀n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ohùn Akàn fi dé láti ìsàlẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Bàbá, ẹ máa bọ̀.”

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ. Láti inú àlàfo òkúta, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó pupa ń jáde wá nínú omi bí okùn. Okùn náà fẹ̀ sí i bí wọ́n ti ń wò ó. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹnu ìsun fi pọ́n, tí pupa náà ń ṣàn lọ sí ibi ìmu, tí ó sì dé inú ẹrẹ̀ Túùkú.

Túùkú jókòó sílẹ̀ níbi tí ó wà. Àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé oúnjẹ ti tó, gbogbo wọn sì rọ́ mọ́ ọmú rẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n máa mu ún.

Ẹfọ̀n mí kanlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ irú èémí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. “Sọ fún wa, Akàn. Ibo ni o fi ohun pupa yẹn sí?”

“Inú ihò àtijọ́ kan tí Òkété fi sílẹ̀ lórí òkè ni, lábẹ́ igi ìyeyè. Ẹnìkan ń yàgbẹ́ sínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ihò náà kan òkúta tí ó ti sán. Òjò ni ó ń fọ ìgbẹ́ náà wọ inú sísán ọ̀hún, omi abẹ́ ilẹ̀ a sì máa gbé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn yóò fi yọ.”

Ẹtà ti la ẹnu láti fi Akàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pa ẹnu náà dé. Ó tún là á. Ó ní, “Ihò wo nìyẹn? Ṣé èyí tí gbòǹgbò dábùú ẹnu rẹ̀ ni?”

Gbogbo ẹranko yí ojú sí i.

Òkété ní, “Ẹtà, báwo ni o ṣe mọ̀ pé gbòǹgbò dábùú ẹnu ihò mi?”

Ẹtà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n mọ́ tónítóní. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò dún bí ti tẹ́lẹ̀. Ó ní, “N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i ni. Mo rò pé ohun tí ó bá ti wọ ilẹ̀ ti tán. Mo rò pé ilẹ̀ ń gbé e mì.”

“Kò gbé e mì,” ni Akàn wí. “Ó ń gbé e fún wa mu.”

Yímíyímí ní, “Abájọ. Mo ti ń rò pé ojú ni ó ń dùn mí.”

Ẹ̀rín bú jáde, irú èyí tí wọn kò tíì rín láti ìgbà tí omi ti bàjẹ́. Ẹtà pàápàá fẹ́ rín in, ìtìjú kò jẹ́.

Ìyá Ìgalà ni kò rín. Ó ní, “Àwọn ọmọ mi ni ó dùbúlẹ̀. Kí òun náà lọ sí ẹ̀yìn òkè.”

Ẹfọ̀n yí sí Túùkú. Ó ní, “Ìwọ ni a fẹ́ lé láìṣẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ ni kí o sọ ohun tí a ó ṣe fún Ẹtà.”

Túùkú kò dìde, nítorí àwọn ọmọ. Ó ní, “Ìyá Ìgalà, ẹ má bínú. Mo ti fi ọkàn rin ọ̀nà ẹ̀yìn òkè yẹn tán pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Omi kò sí níbẹ̀. N kò lè rán ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kí ó wá ojú kan, kí ó máa yàgbẹ́ síbẹ̀ ní gbangba, kí gbogbo wa mọ ibẹ̀, kí Aṣọ́mi sì máa rí i.”

Ẹtà ní, “Ní gbangba?”

“Ní gbangba.”

“Kí gbogbo ayé máa wò ó?”

“Èmi ni wọ́n ti ń wò láti ọjọ́ yìí wá,” ni Túùkú wí, “mo ṣì wà láàyè.”

Akàn ni ó yan ibẹ̀. Kò yàn án lórí òkè olókùúta náà rárá, nítorí pé omi orí rẹ̀ ni ìsun ń mu. Ó yan ilẹ̀ títẹ́jú kan ní apá kejì, níbi tí erùpẹ̀ ti nípọn, tí òkúta sì jìn sísàlẹ̀. Oòrùn ń pa ibẹ̀ dáadáa. Yímíyímí lè rí ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ẹtà lọ síbẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì di ojú. Nígbà tí ó là á, kò sí ẹni tí ó ń wò ó àfi Yímíyímí, tí ó ti ń dúró dè é.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni Yímíyímí wí fún un.

Òkété kó ìgbẹ́ ihò abẹ́ ìyeyè jáde, ó gbé e lọ sí ilẹ̀ títẹ́jú náà. Ó sì fi erùpẹ̀ dí ẹnu gbogbo ihò tí ó ti fi sílẹ̀. Àwọn ẹranko tí ẹsẹ̀ wọn wúwo bá a tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ tẹ èyí tí ó wà lábẹ́ igi ìyeyè.

Nígbà tí òjò ọdún kejì kọ́kọ́ rọ̀, kò sí ẹni tí ó fẹ́ kọ́kọ́ mu omi. Wọ́n ń dúró. Òjò dá, oòrùn yọ, ilẹ̀ gbẹ. Wọ́n ṣì ń dúró. Akàn wọ inú àlàfo òkúta, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rìn jáde.

Ó ní, “Ẹ máa mu.”

Ìyá Ìgalà kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó sì ti ọmọ rẹ̀ kékeré síwájú. Ọmọ náà mu omi yó. Ó sì ń sáré káàkiri nínú oòrùn títí ìyá rẹ̀ fi pè é sílé.

Láti ọjọ́ náà ni Ẹtà kò ti yàgbẹ́ sínú ihò mọ́. Ibi yòówù kí ó ti jẹun, ojú kan náà ni yóò padà sí, lórí ilẹ̀ gbangba, tí òkìtì rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀ tí ẹni tí ó bá kọjá yóò rí i. Àwọn kan ń sọ pé ó fẹ́ fi ààlà ilẹ̀ rẹ̀ hàn ni. Àwọn mìíràn ní ìgbéraga ni. Wọn kò tíì bi Akàn léèrè. Ohun tí ó mú Ẹtà máa ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ihò orí òkè àti ìsun ìsàlẹ̀ ń lo omi kan náà, Ẹtà sì ti mọ̀ ọ́n.